Orí Tó Wọ́ Lẹ́yìn Ìyá

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí wọ́n bá pa òwe yìí, àgbà nìkan la sábà máa ń rò. Ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá ọmọ náà wò. Òun náà wà lọ́jà, òun ló pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ wà, kò lè rí i pé orí ti wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló rí i, ipò ẹni yẹn gan-an làwa òṣìṣẹ́ fásitì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì wà. Òbí tó wà ní Ìkirè kò lè rí ọmọ tó ń kàwé ní Àkúrẹ́. Pọ́tà họ́sítẹ̀lì ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn yàrá kan kò ṣí láti ọjọ́ Ajé. Olóúnjẹ ẹnu géètì ló mọ̀ pé oníbàárà òun kò yà mọ́. Olùkọ́ ló ń rí ìwé ìdánwò.

Mo rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin tó ni ín kì í gba ohun tó dín ní ọgọ́ta máàkì. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó kọ nọ́ńbà ìbéèrè kìíní, ó fàlà sí i nídìí, ó wá kọ "Ẹ má bínú, sà" sórí ìlà mẹ́rin, lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Mo fún un ní òdo, mo ṣí ìwé tó kàn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ ni. Ó ti ṣe tán báyìí, ara rẹ̀ le, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orí ọmọ wọ́ lójú mi, mo sì gba ibẹ̀ kọjá.

Èyí tó tún burú ju tèmi lọ ni kí ojú mẹ́wàá rí i, kí kálukú pa tirẹ̀ mọ́nú. Ní fásitì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan yìnbọn pa ènìyàn 32 kó tó pa ara rẹ̀. Wọ́n ti rí àmì. Láti 2005 ni akéwì Nikki Giovanni ti ní kí wọ́n mú un kúrò ní kíláàsì òun. Lucinda Roy, olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wá ń kọ́ ọ lóun nìkan, ó sì ń rọ̀ ọ́ pé kó lọ rí olùdámọ̀ràn. Ọlọ́pàá ọgbà mọ tiwọn, àwọn tó ń bójú tó ibùgbé mọ tiwọn, adájọ́ pàápàá ti pàṣẹ pé kó lọ gbàtọ́jú. Kò sẹ́ni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Lọ́dún 2008, ìpínlẹ̀ Virginia sọ ọ́ di òfin pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ikọ̀ tí yóò máa gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹ má torí èyí fojú ọ̀daràn wo ọmọ tó kàn dákẹ́ o. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ìdààmú ọkàn ń bá jà kì í pa ẹnikẹ́ni lára.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọ gan-an, kì í ṣe "ó jọ pé ó ti ń fa nǹkan". Ẹ gbé e tọ olórí ẹ̀ka àti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbá a mú. Ẹ kó àwọn yòókù jáde, kí ẹ pe ẹ̀ṣọ́.

Ẹ bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe é níwájú kíláàsì, ẹ má sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ ọn. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí n kò rí ọ. Ṣé kò sí o?" Kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ṣòro fún àwa àgbà; kí ọmọ tó lanu, a ti ń sọ bí àwa ṣe fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jọ ti ẹni tí ayé ti sú, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má ṣèlérí pé ẹnì kankan kò ní gbọ́, ẹ má sì fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á. Nígbà tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ lóṣù kìíní ọdún 2023, ẹ̀wọ̀n ọdún kan tí òfin àtijọ́ là sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń pa ọ̀pọ̀ ẹnu mọ́. Ọmọ tó ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún yín kò rú òfin kankan. Ẹ bá a rìn dé ilé ìwòsàn ọgbà. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún un, ẹ máa gbà á bí ẹ ṣe ń lọ.

Níbòmíràn, bí wọ́n bá ti ní orí ọmọ dàrú, ìwé "máa lọ sílé" ni wọ́n ń já fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tó padà di ọ̀gá àgbà Fásitì Ìbàdàn, kò lé aláìsàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1954, inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló ń fi wọ́n wọ̀ sí, mọ̀lẹ́bí kan a sì wà pẹ̀lú wọn, a máa se oúnjẹ, a máa mú wọn lọ gbàtọ́jú. Àárín ènìyàn ni ara wọn ti ń yá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín náà bá gbàyè lọ tọ́jú ara, kí mọ̀lẹ́bí wá mú un, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan máa bá a kọ nóòtì sílẹ̀, kí olùkọ́ kan máa pè é. Kí olùkọ́ yẹn mọ ọjọ́ tó ń padà bọ̀, kí ó sì wà ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.