Ta Ló Ń Jẹ Dátà Ilé Wa?

Tẹ́lẹ̀, alẹ́ ni dátà máa ń tán nílé wa. Ọ̀sán ló ń tán báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan l'Ékòó, àmọ́ inú yàrá wa ní Ìsẹ́yìn níbí ló ti ń ṣe é.

Irú iṣẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ kí Kòrónà tó dé. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣèpàdé. Òfin ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ilé.

Tá a bá ń wo fídíò, dátà tó ń wọlé la ń lò jù. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé, ojú àti ohùn ẹ̀gbọ́n mi ń jáde lọ bí tàwọn yòókù ṣe ń wọlé. Ọ̀nà tó ń jáde yìí ló sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Ìdí nìyẹn tó fi lè máa rí wọn kedere, káwọn sì ní àwọn ò gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bit 8 ni byte 1. Bí megabit 1 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 3,600 ló máa jáde ní wákàtí kan. Pín in sí 8, megabyte 450. Bí iye kan náà bá tún ń wọlé, ó di 900. Wákàtí kan péré o! Ẹ sì wo iye ìgbà tí wọ́n ti bá mi wí nítorí YouTube. Ohùn nìkan, láìsí àwòrán, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà káwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ohùn rẹ̀ bá ń já. Fóònù mi ló ń ṣe update lábẹ́lẹ̀ lórí hotspot rẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Owó iṣẹ́ yẹn ló san owó ìdánwò mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Ní báyìí, mo ti pa update aládàáṣe. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń wa ìbéèrè JAMB sórí fóònù. Bàbá wa, tó ń fi àwòrán òfì ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, ń dúró dìgbà tí ìpàdé bá parí. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń pa kámẹ́rà rẹ̀ bí kò bá kan òun láti sọ̀rọ̀.