‘Fín’ Kọ́, ‘Fà’ Ni

“Màmá, ẹ máa fín in sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́.” Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba n'Ìbàdàn, gbólóhùn tí wọ́n fi ń ta ínhélà fún ìyá àgbà tí àyà ń há nìyẹn. Gbólóhùn náà dán lẹ́nu, olùkọ́ èdè ò sì ní í fa ìlà pupa sí i nídìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ni mo ń bá jà lónìí. ‘Fín’ yẹn kì í jẹ́ kí oògùn dé ibi tí a rán an.

Ẹ wo ibi tí a ti ń lò ó. Ọmọ tó bá rí ihò òkété a kó koríko sẹ́nu rẹ̀, a ṣáná sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í fín òkété. Alágbẹ̀dẹ ń finná, ẹwìrì ló fi ń ṣe é. A ń fín lọ́fínńdà sí abíyá, a ń fín oògùn ẹ̀fọn sí kọ̀rọ̀ yàrá, a sì ń sá jáde kí a tó pa ilẹ̀kùn dé. Nínú gbogbo èyí, nǹkan náà ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń fín in ni. Bí a bá wá ní kí ìyá kan fín oògùn sẹ́nu, ohun tí Yorùbá ní kó ṣe gan-an ni yóò ṣe: yóò la ẹnu, yóò tẹ̀ ẹ́, ṣíì, ahọ́n yóò tutù, yóò sì gbé e mì. Oògùn ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ikùn, níbi tí kò ti níṣẹ́ kan pàtó láti ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, màmá yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

‘Fà’ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ohun tí a bá fà, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀, agbára tiwa ló sì ń gbé e bọ̀. Ìyá tó ti fìgbà kan mọ ìkòkò tábà, ẹ kàn sọ fún un pé, “Ẹ fà á bí ẹni fa ìkòkò,” ọ̀rọ̀ tán. (Mo mọ̀ pé kò sí dókítà tó fẹ́ gbọ́ orúkọ tábà níbí. Ọ̀rọ̀ èdè la ń sọ, ẹ forí jì mí.)

Síbẹ̀, ẹni tó ń sọ ‘fín’ kò ya dìndìnrìn, nítorí ìtàn gbè é lẹ́yìn díẹ̀. Láyé ìjọ́un, ẹ̀rọ onígíláàsì tó ní rọ́bà tí wọ́n ń fún lọ́wọ́ ni àwọn tí èémí ń dà láàmú ń lò, ó sì máa ń fọ́. Ní 1955, ọmọbìnrin ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí oògùn òun kò lè wà nínú agolo bí èyí tí àwọn obìnrin ń fín sírun. Bàbá yìí, George Maison, ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Riker Laboratories. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ mú irú ìdérí kan tí wọ́n ti ṣe fún ìgò lọ́fínńdà, èyí tó ń wọn ìwọ̀n kan náà jáde nígbàkígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di 1956, ínhélà wọn, Medihaler, ti dé orí igbá. Salbutamol, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ventolin, tẹ̀lé e ní 1969. Láti ilé lọ́fínńdà ni ínhélà ti wá lóòótọ́, àmọ́ abíyá kò ní í fa nǹkan sínú, àyà ló ń fa nǹkan.

Kí a tó fà á, a ó mì í. Ẹ ṣọ́ra fún ‘mì’ àti ‘gbọ̀n’, torí wọ́n ti ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ìgò tí oògùn inú rẹ̀ ti sùn sí ìdí ni a ń mì, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè pò mọ́ra. Ohun tó lẹ̀ mọ́ nǹkan ni a ń gbọ̀n dànù, bí eruku ara ẹní. Ínhélà onágolo kan náà, ẹ ó mì í kí ẹ tó lò ó, ẹ ó sì gbọn omi inú ike rẹ̀ dànù lẹ́yìn tí ẹ bá ṣan án.

Ó kù bí a óò ṣe fà á. Ẹ kọ́kọ́ mí jáde tán, ẹ gbé e sẹ́nu, ẹ fi ètè dì í pinpin. Tó bá jẹ́ onágolo bíi Ventolin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí fífà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì dáwọ́ fífà dúró títí àyà yóò fi kún. Tó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, tí kò ní gáàsì kankan nínú, wọ́ọ́rọ́wọ́ ò wúlò. Ẹ fà á fíì! Agbára àyà yín nìkan ló lè tú ìyẹ̀fun náà ká. Ẹ rí i pé èdè wa kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé rẹpẹtẹ fún aláìsàn, ‘wọ́ọ́rọ́wọ́’ àti ‘fíì’ ti pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ‘sé’. Ìwé àlàyé kan tí mo rí lọ́wọ́ aládùúgbò mi kọ ọ́ pé “mú èémí rẹ dání,” bí ẹni pé èémí jẹ́ àpò ọjà. Ọmọ tó bá mòòkùn sínú odò kì í mú èémí dání, ó ń sé èémí ni. Ẹ sé e, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá bí agbára bá gbé e, kí ẹ wá mí jáde. Ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fa ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìwé yẹn náà kọ “imí” síbi tó yẹ kó kọ “ìmí”. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló fò, ó sì sọ ohun tí a ń fà sínú di ohun tí a ń lọ yà ní ṣáláńgá. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ìyá arúgbó kankan ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìmọ́tótó, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: ‘fọ̀’, ‘ṣan’ àti ‘nù’. Fífọ̀ gba ọṣẹ, ó sì gba kí a fọwọ́ ra nǹkan. Ṣíṣan, omi ló ń ṣe é: omi ń ṣàn kọjá, ó ń gbé ìdọ̀tí lọ. Bí nǹkan bá wà ní gbígbẹ, tí a kò sì fẹ́ kí omi kàn án, nínù ni. Ínhélà onágolo, ṣíṣan ni tirẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ yọ agolo irin inú rẹ̀ kúrò, ẹ gbé e síbi gbígbẹ. Omi ò gbọdọ̀ kàn án. Ike rẹ̀ nìkan ni ẹ ó gbé sábẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, láti òkè, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi gba ìsàlẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà ni kò ní ẹ̀rọ omi nínú ilé, àmọ́ búùtà àlùwàlá kò wọ́n níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ tóóró sì ń da omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Ẹ gbọn omi náà dànù, ẹ sá ike síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí di ọjọ́ kejì. Ihò bíńtín tó wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni oògùn ń gbà jáde. Bó bá dí, omi ni kí ẹ fi là á, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un.

Àwa ará Ìbàdàn ní wàhálà kékeré kan níbí. ‘S’ ni a fi ń pe ‘ṣ’, nítorí náà bí nọ́ọ̀sì ọmọ Ọjà'ba bá ní “Ẹ san án,” ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá owó ló ń bèèrè.

Ínhélà oníyẹ̀fun ò mọ omi rí. Aṣọ gbígbẹ ni ẹ ó fi nu ẹnu rẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ mí sínú rẹ̀ rárá, torí omi wà nínú èémí, ìyẹ̀fun á sì di kókó. Ti ike gbàǹgbà tí wọ́n ń so mọ́ ínhélà fún ọmọdé, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní spacer, tún yàtọ̀. Èyí ni a ń fi ọṣẹ abọ́ fọ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ṣùgbọ́n a kì í nu inú rẹ̀. Bí aṣọ bá ti ń ra ike, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan mọ́ra, oògùn á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dípò kó dé àyà ọmọ. Ẹni tí kò lówó spacer kò sì gbọdọ̀ sọ̀rètí nù: ní 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town tẹ àbájáde jáde pé ìgò ike 500 ml, irú tí omi ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dá ihò sí nídìí kó gba ẹnu ínhélà ṣinṣin, ṣe iṣẹ́ kan náà fún àwọn ọmọ tí èémí há. Mo máa ń wo irú ìgò wọ̀nyẹn nínú gọ́tà ní ìsàlẹ̀ Mápó, ó máa ń dùn mí.

Ínhélà tó ní oògùn adènà nínú, irú tí a ń lò lójoojúmọ́ yálà àyà há tàbí kò há, ó ní ẹrù kan sí i: ẹ fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tu ú dànù. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun lè hù sí i láhọ́n.

Orúkọ ẹ̀yà ara tó ń ṣàìsàn àti ti àìsàn náà wá ni èyí tó ń bí mi nínú jù. Àwọn ẹlẹ́ran Ọjà'ba tí ń ta ṣàkì àti fùkù mọ ohun tí ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wọ́n ń gé e tà. Àwa tó kàwé la ń pe ‘ẹ̀dọ̀’ nígbà tí a bá ní ‘ẹ̀dọ̀fóró’ lọ́kàn. Èyí ṣì kéré sí ‘ikọ́ fée’. Ẹnì kan á sọ ọ́, ikọ́ tó ń ranni ló ń wí, èyí tí kòkòrò ń fà. Ẹlòmíì á sọ ọ́, sémìísémìí (asthma) ló ń wí, èyí tí kì í ran ẹnikẹ́ni. Nínú agbo ilé tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àṣìpè yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n ya ife ìyá àgbà sọ́tọ̀, kí ọmọ-ọmọ má lọ sórí itan rẹ̀ mọ́. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ínhélà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì ní í gbà kí wọ́n mú òun lọ sí ọsibítù àyà ní Jẹ́ríkò, kí aládùúgbò má bàa rí òun níbẹ̀.

Ìyá yìí lè máà tíì fa sìgá rí láyé rẹ̀. Ìwádìí BOLD lórí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn dókítà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ rí ọ̀nà èémí tó há lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fa sìgá rí. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún dáná igi nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, èéfín ti wọ àyà rẹ̀ tó. Ẹ wá rí ‘èéfín’ bí? Kò sẹ́ni tó ń fà á tinútinú, ó ń wọlé fúnra rẹ̀.

Ó ku ‘tán’. Láti August 2023 tí GSK, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, ti kéde pé òun ń kó ọjà òun kúrò ní Nàìjíríà, ínhélà ti gbówó lórí, àwọn èèyàn sì ń lò ó kọjá ààlà. Wọn á gbé e sétí, wọn á mì í, wọn á ní ó ṣì ń dún, kò tíì tán. Gáàsì ló ń dún. Oògùn lè ti tán kí gáàsì tó tán, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe ṣíì tí àyà ò sì là. Agolo Ventolin kan jẹ́ títẹ̀ 200. Èyí tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn, nọ́ńbà ni kí ẹ wò, ẹ má fi etí dán an wò. Èyí tí kò ní, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára páálí: ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́ yóò lò ó fún ọjọ́ 25, lẹ́yìn náà “ó ti tán” ni kí a sọ, bó tilẹ̀ ń pariwo.