Ọlẹ̀, Ọ̀sẹ̀ àti Oṣù: Èdè-Ìperí fún Ìdàgbàsókè Ọmọ Inú ní Àárín Oyún

Ní ìlú Ọ̀tà, tí í ṣe ìlú Awórì, àti ní Sàngó níbi tí títì Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé títì Ìdí-Ìrókò, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ: ti irin, ti ike, ti oúnjẹ. Nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá lóyún, ìṣirò méjì ni ó ń bá oyún náà rìn. Ní ilé, oṣù ni a fi ń kà á. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa fi sọ̀rọ̀ nípa ọmọ inú ní ìdá kejì oyún, èyíinì ni láti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá títí dé òpin ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Àárín yìí ni àwọn òǹkọ̀wé wa máa ń yára kọjá, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ oyún ní èébì, ìparí rẹ̀ sì ní ìrọbí, ṣùgbọ́n àárín dà bí ìgbà ìsinmi. Fún ọmọ, ìgbà iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìṣirò. Àwọn oníṣègùn a máa kà láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, wọn a sì ka ọ̀sẹ̀ 40, tí í ṣe ọjọ́ 280. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà ni oyún tó máa ń dúró; nítorí náà, nígbà tí ìwé ilé ìwòsàn bá wí pé ọ̀sẹ̀ 14, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni ọmọ fúnra rẹ̀ tíì lò. Ti Yorùbá tún yàtọ̀. A máa ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń pè ní ọjà ọrún, ìtàdógún kò sì ju ọjọ́ 16 lọ lójú ẹni tí kò ka ọjọ́ òní. Báyìí ni gbólóhùn náà, 'oyún oṣù márùn-ún', fi ní ìtumọ̀ méjì. Ẹnìkan lè sọ ọ́ nígbà tí oṣù karùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18. Ẹlòmíràn lè dúró títí oṣù márùn-ún yóò fi pé, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ 22. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ọmọ a kúrò ní nǹkan bí 200 gíráàmù, a sì lé ní 400.

Bí a bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo Òfin Iṣẹ́ ti 1974. Ó fi àyè gba obìnrin láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí oníṣègùn bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ṣi oṣù kan kà ti pàdánù ohun tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà lọ. Àbá wa ni pé kí a máa ya 'ó wọ' sọ́tọ̀ kúrò lára 'ó pé': oyún wọ oṣù karùn-ún; oyún pé oṣù márùn-ún. Èdè wa ti ní ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Àìlò ni ó ń pa á. Inú ìwé aláboyún ni kí a máa kọ iye ọ̀sẹ̀ tí ó pé. Agbẹ̀bí tí kò ní ẹ̀rọ ayàwòrán inú náà ní ohun tí ó lè fi díwọ̀n: ní ọ̀sẹ̀ 20, òkè ilé-ọmọ a máa dé nǹkan bí ìdodo ìyá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'ọlẹ̀'. Àwọn kan a máa lo ọlẹ̀ fún ohun tí ó wà nínú ilé-ọmọ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó pé, nígbà tí ẹ̀yà ara kò tíì tò tán, wọn a sì pe èyí tí ó tẹ̀ lé e ní 'ọmọ inú'. A kò fara mọ́ èyí. Níbo ni ọlẹ̀ gbé ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà? 'Ọlẹ̀ sọ' ni wọ́n ń wí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Mímọ́ pàápàá lo ọlẹ̀ fún ọmọ tí Èlísábẹ́ẹ̀tì gbé nínú, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹfà. Ìyá kì í mọ̀ pé ọlẹ̀ sọ kí ó tó di ọ̀sẹ̀ 16. Aláboyún àkọ́bí a máa dúró di ọ̀sẹ̀ 18 tàbí 20. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọlẹ̀ ni ọmọ inú gan-an ní àárín oyún. Fún ti ìbẹ̀rẹ̀, a dábàá 'ìrúdí ọmọ', nítorí pé bí igi ṣe ń rúdí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe kọ́kọ́ ń yọ lára rẹ̀.

Kí ni ọlẹ̀ ń ṣe ní àkókò yìí? Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a bò ó lára, ọ̀rá funfun a sì lẹ̀ mọ́ awọ ara kí omira má baà bà á jẹ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ìtọ̀ ọlẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú omira. A gbé e mì, a tún tọ̀ ọ́. (Èyí a máa ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, nítorí pé ibi ọmọ ni ó ń kó ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ lọ fún ìyá.) Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ́ra jù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun oje tí kì í jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ìdí sì nìyí tí mímí fi ń nira fún ọmọ tí a bá bí ní àárín oyún. Ní òpin ìdá kejì, ọlẹ̀ a wọ̀n tó nǹkan bí kílógíráàmù kan.

Etí rẹ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25, ọlẹ̀ a máa ta gìrì bí ariwo ńlá bá dún. Ara ìyá a máa dín ariwo kù, ṣùgbọ́n ariwo tí ó wúwo, bíi ti jẹnẹrétọ̀ ńlá, a máa wọlé ju èyí tí ó mú tíńrín lọ. Ìdí etí tí ilé-iṣẹ́ fún ìyá kò bo etí ọmọ.

Èyí tí ó burú jù ni òjé. Níbikíbi tí a bá ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, òjé a máa bá èéfín àti eruku lọ. Ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ju 400 ọmọdé lọ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá sí ìkẹrìnlá ni ó ti ń gba inú ibi ọmọ kọjá sí ọlẹ̀, ní àkókò kan náà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń rìn lọ sí àyè wọn. Egungun ni òjé ń sá pamọ́ sí, nítorí pé ara a máa ṣì í mú fún kálísíọ́mù, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí egungun ọlẹ̀ bá ń gba kálísíọ́mù, tí oúnjẹ ìyá kò sì tó, ara a yọ lára egungun ìyá, òjé a sì bá a jáde sínú ẹ̀jẹ̀. 'Òjé àfipamọ́' ni a dábàá fún irú òjé yìí. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bi aláboyún léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ó bi í pẹ̀lú nípa iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí, àti ilé-iṣẹ́ tí ó wà nítòsí ilé tí ó ti dàgbà.