Oògùn Abẹ́ Ahọ́n fún Ẹni Tí Eruku Ń Dà Láàmú

Bí ẹ bá ń gbé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti jí láàárọ̀ ni ẹ máa ń sín léraléra, tí imú ń ṣomi, tí ojú ń yún yín, ẹ má tíì dá ọyẹ́ lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, kòkòrò eruku, tí ara àwọn kan ń bá jà. Inú fómù, ìrọ̀rí àti kápẹ́ẹ̀tì ló ń gbé, awọ tó ń bọ́ lára wa ló ń jẹ, ọ̀rinrin ló sì ń mú un pọ̀ sí i. Etí ọ̀sà kì í ṣaláìní ọ̀rinrin.

Oògùn tí à ń fi sábẹ́ ahọ́n wà fún un. Díẹ̀ lára ohun tí ara ń bá jà gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ara ń tọ́ ọ wò títí yóò fi mọ́ ọn lára. Dókítà Leonard Noon kọ̀wé nípa irú ìtọ́jú yìí ní London ní 1911, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni tirẹ̀. Ní 1998, àjọ ìlera àgbáyé WHO gbà pé ti abẹ́ ahọ́n lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Ní 2017, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró ti kòkòrò eruku.

Àyẹ̀wò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, nítorí kì í ṣe gbogbo sísín ni ti kòkòrò eruku. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ń sín, wọ́n ń wúkọ́, ṣùgbọ́n èéfín ni, kò sẹ́ni tí èéfín kì í ta nímú. Oògùn yìí kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ààrò tó ń gbé èéfín jáde ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Bákan náà, ẹni tí ètè rẹ̀ ń wú bó bá jẹ edé, kí ó yẹra fún edé ni. Ẹ gba ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí lọ, kí wọ́n kọ ìwé fún yín sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà tàbí LUTH n'Ídìí-Àràbà, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò awọ. Wọn yóò kán àwọn ohun tí wọ́n fura sí sí yín lápá, wọn yóò gún awọ ibẹ̀ fẹ́rẹ́. Èyí tí ara kò gbà yóò wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Piriton àti àwọn oògùn irú rẹ̀ máa ń bo èsì àyẹ̀wò mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó dá a dúró ṣáájú. Oògùn ikọ́ fée tí ẹ ń fà sẹ́nu, ẹ má dá a dúró.

Iwájú dókítà ni ẹ ó ti lo hóró àkọ́kọ́, ẹ ó sì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nílé, ẹ nu ọwọ́ gbẹ, ẹ fi í sábẹ́ ahọ́n, ẹ má gbé itọ́ mì fún ìṣẹ́jú kan, ẹ má jẹ, ẹ má mu fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnu tàbí etí lè máa yún yín lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fun bá ń dí, tí èémí kò já gaara, tí òòyì ń kọ́ yín, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró po àgbo. Bí wọ́n bá yọ eyín yín tàbí tí egbò wà lẹ́nu, ẹ dá a dúró, ẹ pe dókítà. Ẹni tí ikọ́ fée rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ẹ ṣírò owó oṣù 36 kí ẹ tó ra páálí kan, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Èyí tó jẹ́ omi sábà máa ń fẹ́ inú fìríìjì. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í wà déédéé, hóró ló dára jù. Bí owó kò bá tó, ẹ ní kí dókítà kọ oògùn tí à ń fín símú fún yín, kí ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sá fómù sóòrùn, kí ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní yàrá.