Ilé Adìẹ Gbígbẹ Ni Ààbò Owó Ẹ̀yáwó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ adìẹ ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú ìwé ẹ̀yáwó tí ó ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ wa ni a kọ sí i pé adìẹ ni wọn yóò fi owó náà rà. Àwọn kan ń san owó wọn padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé oníduro ni ó ń bá wọn san án.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà ní abúlé kan tí a kò ní dárúkọ. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹni méjì dúró fún un, ó sì ra òròmọdìẹ 200. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, márùn-ún péré ni ó kú, inú gbogbo ilé sì dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ikú wọlé. Lọ́jọ́ kan mẹ́rin, lọ́jọ́ kejì mọ́kànlá. Kí wọ́n tó pé oṣù méjì, 83 ti lọ. Ọkùnrin náà sọ fún wa pé aládùúgbò òun kan ni ó da nǹkan sí omi adìẹ òun. Aládùúgbò ọ̀hún sì ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dúró fún un! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti adìẹ. Ìpàdé oṣooṣù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà ìgboro.

Nígbà tí a dé ilé adìẹ náà, a kò wá májèlé kiri. A lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi, a bu ìkúnwọ́ kan nínú èérún pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, a sì fún un. Omi kán láàárín ìka wa. Bí a ti lóṣòó yẹn, òórùn tí ó ń ta ojú kọlù wá, bẹ́ẹ̀ a kò gbọ́ ọ nígbà tí a wà lórí ìdúró. Ilẹ̀ ni òròmọdìẹ ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń mí. A wo ìgbẹ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. A bi í léèrè ìgbà tí ó ti pààrọ̀ èérún pákó náà. Ó ní òun ń bu tuntun lé e lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tuntun lórí tútù! Ìyẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ́ ẹní sórí ẹrẹ̀.

Àrùn tí ó pa wọ́n ni àwọn dókítà ẹran ń pè ní coccidiosis. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Adìẹ tí ó bá ní in a máa ya ẹyin kòkòrò náà mọ́ ìgbẹ́. Nígbà tí ẹyin yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ó nílò ọ̀rinrin, ooru àti afẹ́fẹ́ fún bí ọjọ́ kan sí méjì kí ó tó gbó. Bí ilẹ̀ bá tutù, ó gbó, òròmọdìẹ a sì ṣa á jẹ mọ́ oúnjẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò gbó, díẹ̀ yẹn a sì máa kọ́ ara òròmọdìẹ láti bá àrùn náà jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó máa ń mú wọn jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: oògùn apakòkòrò inú ìgò tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ kì í ran ẹyin kòkòrò yìí. Dókítà ẹran ní oògùn tí a ń pò mọ́ omi mímu, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò ó tí ilẹ̀ sì wà ní tútù yóò tún padà lọ ra òmíràn.

Báwo ni ilẹ̀ yóò ṣe gbẹ? Láti ìgbà tí a bá ti ń kọ́lé ni. Ẹ jẹ́ kí gígùn ilé náà lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà máa wọlé tààrà, kí ẹ sì jẹ́ kí etí páànù yọ jáde tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí òjò má baà fẹ́ wọlé. Ilẹ̀ inú ilé gbọ́dọ̀ ga ju ti ìta lọ. Èérún pákó tí àwọn káfíńtà ń fá ni ó dára jù. Ìyẹ̀fun pákó kíkúnná kò dára fún òròmọdìẹ, nítorí wọn a máa jẹ ẹ́. Kí ó nípọn tó ínṣì méjì sí mẹ́ta fún àwọn kékeré, kí ó tó mẹ́rin fún àwọn tí ó ń yé. Ẹ máa fi réèkì tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ibi tí ó bá ti dì, kí ẹ kó o jáde ní ọjọ́ náà gan-an.

Lójoojúmọ́, ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ sì ṣí ọwọ́. Bí ó bá dì bí òkèlè ẹ̀bà, ó ti tutù jù. Bí ó bá tú ká, ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé eruku ni ó ń sọ, ó ti gbẹ jù, yóò sì máa dí wọn ní èémí. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ lè ṣe èyí kí ó tó lọ sí ilé-ìwé.

Abọ́ omi ni ó ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ má ṣe gbé e sórí èérún pákó lásán. Ẹ to bíríkì, tàbí kí ẹ kan pákó mẹ́rin pọ̀, kí ẹ ta wáyà nẹ́ẹ̀tì sí i lórí, kí ẹ gbé abọ́ lé e; omi tí ó bá dànù yóò bọ́ sí abẹ́ wáyà, ibi tí ẹsẹ̀ adìẹ kò dé. Kí etí abọ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn adìẹ, kí ẹ sì máa gbé e sókè sí i bí wọ́n ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ó dín omi adìẹ kù o! Adìẹ 100 tí ó ń yé a máa mu tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan lójúmọ́, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ wọn a sì mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Kí àwọn àgbà má bínú sí wa, adìẹ kì í làágùn rárá. Ẹnu ni ó ń yà sílẹ̀ tí ó fi ń mí ooru jáde, omi ni ó sì fi ń ṣe é.

Bí ilé bá há jù, kò sí bí yóò ṣe gbẹ. Adìẹ àgbà kan nílò ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó. Adìẹ 200 nílò yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn àti 20 ní ìbú.

Ní ti òròmọdìẹ tí kò tíì hu ìyẹ́, ooru ni ìyá wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ ooru tí ó tó 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ sì máa dín in kù ní bíi mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó wo àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá rọ́ jọ sí abẹ́ àtùpà, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà tí wọ́n ya ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ẹ lọ sùn. Àwọn tí ó ń lo èédú, ẹ má ṣe fi àpò dí gbogbo ojú fèrèsé pa. Èéfín èédú a máa pa adìẹ, a sì máa pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa. Àṣìṣe rẹ̀ kejì ni pé ó ń po eèrí ògì mọ́ oúnjẹ òròmọdìẹ kí àpò lè pẹ́. Àpò pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn adìẹ náà kò tóbi, ara wọn kò sì lágbára láti bá àrùn jà. Oúnjẹ òròmọdìẹ, títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ní láti ní èròjà amáradàgbà tí ó tó ìdá 18 sí 20 nínú 100. Bí a bá bu eèrí lé e, ó ti já wálẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn a máa ṣe òdì kejì rẹ̀. Wọn a ra àpò tí wọ́n kọ Layers sí lára, wọn a fún òròmọdìẹ jẹ, wọ́n rò pé oúnjẹ àgbà dára ju ti ọmọ. Èròjà tí ó ń ṣe èèpo ẹyin pọ̀ gan-an nínú oúnjẹ yẹn, a sì máa ba kíndìnrín ọmọ tí kò tíì yé jẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ lo àgbàdo tí ó bu. Májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, oòrùn tí a bá sá a sí kò sì lè mú un kúrò tán. Ẹ to àpò oúnjẹ sórí pákó, kí ẹ má gbé e sílẹ̀ lásán, kí ẹ má sì bu oúnjẹ kọjá ìdajì ọpọ́n. Ìyókù, wọn a fi ẹsẹ̀ tàn án dànù.

Ti lùkúlùkú, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kò ní oògùn àfi àjẹsára. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é. Inú omi dídì ni kí ẹ ti gbé e wálé, kí ẹ sì lo kànga tàbí òjò bí ẹ bá fẹ́ pò ó mọ́ omi, nítorí oògùn tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ a máa pa á. Dókítà ẹran ni yóò sọ ọjọ́ tí ẹ ó lò ó fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa gan-an. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, nígbà tí a kọ́kọ́ rí bird flu onírú H5N1 ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, a rí i bí àrùn ṣe ń rin ìrìn àjò. Bàtà ènìyàn wà lára ohun tí ń gbé e. Àwa olùbẹ̀wò ń ti ilé adìẹ kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà, a kò sì ní parọ́ fún yín, ó pẹ́ kí a tó ronú nípa bàtà wa. Nítorí náà, bí a bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kí a bọ́ bàtà, kí ẹ fún wa ní sálúbàtà ti inú ilé adìẹ yín. A kò ní bínú. Alájàpá ẹyin pẹ̀lú, ìta ni kí ó dúró. Bí ẹ bá ní àgbà àti ọmọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, nítorí àgbà lè gbé àrùn sínú láìṣàìsàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Láti ìgbà tí wọ́n pa adìẹ kan títí di ọ̀sẹ̀ 18, yóò jẹ tó bíi kìlò méje. Fún adìẹ 200, ìyẹn jẹ́ àpò oníkìlò 25 tí ó tó 56, ẹyin kan kò sì tíì jáde. Ọkùnrin tí a ń wí yìí yá owó òròmọdìẹ àti ti páànù. Ti oúnjẹ ni kò sí nínú ìṣirò rẹ̀, òun ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí po eèrí. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rẹ̀ náà jẹ̀bi, tí wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí san án padà ní oṣù kejì. Kí ni adìẹ olóṣù méjì yóò tà? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí yé, adìẹ 100 yóò jẹ tó kìlò 11 sí 12 lójúmọ́, ìyẹn bí àpò 14 lóṣù. Kí ìgbìmọ̀ yín béèrè èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì jẹ́ kí sísan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Ọkùnrin náà kó gbogbo èérún pákó rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí a lọ. Dókítà ẹran fún un ní oògùn, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, ikú ti dáwọ́ dúró. Ó lọ bá aládùúgbò rẹ̀ ní ilé, ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníduro méjèèjì ṣì san lára gbèsè náà.

Ìwé kékeré kan wà ní ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ rẹ̀ nísinsìnyí, tí a fi okùn so mọ́ ìṣó. Ọjọ́, iye tí ó kú, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, omi tí wọ́n mu, bí èérún pákó ti rí ní ọwọ́. Irú ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí a bá dé ilé adìẹ yín.