ÌWÉ ÌPÈ LÁTI KÓÒTÙ

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 24:10-27, Léfítíkù 5:1

 

Bí wọ́n bá mú ìwé ìpè wá sílé yín pé kí ẹ wá jẹ́rìí ní kóòtù, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa ni, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ó ti ìsọ̀ yín pa lọ́jà Odò-Orí, ẹ ó sanwó ọ̀kadà, ẹ ó dé kóòtù kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ ó jókòó títí. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní lọ́yà kan kọ lẹ́tà pé òun wà ní Òṣogbo, ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, adájọ́ ò jókòó. Lọ́dún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì. Ta ló fẹ́ san owó ọjà tí ẹ ò tà?

Àwọn àgbà náà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bára wọn ṣẹjọ́ ni òwe yẹn ń bá wí, kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń pe ará ìlú láti wá bá wọn dá ẹjọ́, júrì ni wọ́n ń pè é, àwọn náà sì ń ráhùn. Lọ́dọ̀ tiwa, adájọ́ ló ń dá a láìsí júrì. Ohun tó kù fún ará ìlú ni pé kó wá sọ ohun tó rí.

Ẹ wo ẹjọ́ Pọ́ọ̀lù ní Kesaríà. Àwọn Júù láti Éṣíà ló kọ́kọ́ pariwo lé e lórí nínú tẹ́ńpìlì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Fẹ́líksì gómìnà, wọn ò yọjú, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́. Fẹ́líksì sún ẹjọ́ síwájú, ó ní ó di ìgbà tí Lísíà ọ̀gágun bá dé. Ọdún méjì kọjá, gómìnà mìíràn gorí àléfà, Pọ́ọ̀lù ṣì wà látìmọ́lé. Torí owó tí Fẹ́líksì ń retí lábẹ́lẹ̀, òun la máa ń wàásù nípa rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kankan nípa àwọn ará Éṣíà yẹn.

Nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lónìí, ó ju ìdajì lọ tí ẹjọ́ wọn ò tíì parí. Ohun tó fà á pọ̀, àmọ́ ẹlẹ́rìí tí kò wá wà lára rẹ̀. Bákan náà ni olè tó jẹ̀bi lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé ẹni tó rí i dákẹ́. Léfítíkù 5:1 ka irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà, kí ẹ pè é lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má baà lọ lásán. Ẹ di oúnjẹ dání. Bí ẹnì kan nínú ìjọ bá sì gba ìwé ìpè lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá a jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dé.

Àdúrà: Olúwa, rántí ẹni tó ń retí ẹlẹ́rìí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Fún ẹlẹ́rìí náà ní sùúrù àti ìgboyà, ní orúkọ Jésù. Àmín.