Kí Ẹ Tó Pe Iye Ìṣúra, Ẹ Wo Ojú Ọjà

Àwọn àgbà ní, bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní pàǹkàrà, ayé á bá a fi kólẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ná ọjà rí ní Ọjà Ọba n'Ílọrin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Onígbá lè pe igbá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, kí oníbàárà rẹ́rìn-ín, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu onígbá ni iye ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹni tó fẹ́ rà á ló ti ń parí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń darí eré ìtàn orí tábìlì ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó gbọ́: àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, ọ̀kan, ìyẹn olùdarí, á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni tiwọn fẹ́ ṣe, wọ́n á sì da dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, òun sì ni baba irú eré bẹ́ẹ̀. Láti ìpilẹ̀ ni ìṣúra ti jẹ́ òpó ilé náà: owó wúrà kan tí akọni bá gbé délé, ẹyọ ìrírí kan ni wọ́n ń kà fún un nígbà náà. Nítorí náà, kò sí olùdarí tó lè sá fún ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bi í lẹ́yìn gbogbo ìjà: "Èló lèyí?"

Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ, ẹ̀ka rẹ̀ ló pọ̀: ẹ má wá iye ìṣúra lára ìṣúra. Ara àwọn èèyàn tó yí i ká ni kí ẹ ti wá a.

Ẹ jẹ́ ká mú òkúta jásípérì. Nínú ìwé àwọn olùdarí eré náà tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014, owó wúrà 50 ni ẹyọ jásípérì kan, bó ti wù kí ìlú rí. Ìlọrin mọ òkúta yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní lántánà láyé àtijọ́. Àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí ìlú náà tú ló gbé iṣẹ́ ọ̀hún wá. Òkúta náà kì í ṣe ti ilẹ̀ Ìlọrin; ọwọ́ àwọn oníṣòwò ìhà àríwá ni wọ́n ti ń rà á. Oníṣẹ́ á fi òòlù gé e wẹ́wẹ́, á fi ọwọ́ lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, á sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Bí òkúta bá là sí méjì nídìí ihò lílù, gbogbo làálàá ti wọmi nìyẹn. Ṣé òkúta tó wà nínú àpò oníṣòwò àti ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọba lè jẹ́ iye kan náà? Nítorí náà, bí akọni bá rí ìṣúra nínú ihò àpáta, ẹ sọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó ná an. Àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jìyà ṣe nínú ìtàn yín, àwọn tó ń ṣeré kò ní kà á sí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá ẹni tó fẹ́ ẹ. Ohun tó bá wuni ní í pọ̀ nínú ọlà ẹni. Ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tí ẹlẹ́ran ọjà Ìpàta n'Ílọrin kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì, àáfà lè tìtorí rẹ̀ ta màlúù. Ibi tí nǹkan wà sì tún ń yí iye rẹ̀ padà. Láyé àtijọ́, Ìlọrin là nítorí pé àárín ọ̀nà ló wà: ẹṣin àti kánún ń ti òkè Haúsá bọ̀ wá sísàlẹ̀, obì àti ọjà òyìnbó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Bí ẹṣin bá ṣe ń sún mọ́ igbó ló ń wọ́n sí i, torí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé níbẹ̀. Bí obì bá ṣe ń jìnnà sí igbó lòun náà ń wọ́n. Tí àwọn akọni yín bá gbé adé ọba dé abúlé elérèé, kí ẹ má ṣe kánjú san owó fún wọn. Ta ni yóò rà á níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìlú tí olówó wà lọ. Ìrìn àjò yẹn ni ìtàn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé iye máa ń ṣubú. Àwọn oníṣẹ́ òkúta ní Idar-Oberstein ní Jámánì mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí Áfíríkà fẹ́, wọ́n sì ń gé e ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Nígbà tí òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ J. D. Clarke fi máa kọ̀wé nípa iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin yìí nínú ìwé ìròyìn Nigeria Magazine lọ́dún 1938, òòrùn iṣẹ́ náà ti ń wọ̀. Làálàá ibẹ̀ kò dín, pupa òkúta kò ṣá. Àwọn tó ń rà á ló kọ ẹ̀yìn sí i. Owó gan-an alára ń ṣubú. Láyé tí wọ́n ń fi owó ẹyọ ná ọjà, ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sí okùn kan, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù fún alárù kan. Nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ Zanzibar dà sí etíkun Èkó láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ọ̀kẹ́ kan lè rà bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún olùdarí. Bí ẹ bá da wúrà púpọ̀ sí abúlé kékeré, kí iṣu wọ́n lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Èkejì, ẹ wọn ẹrù. Nínú òfin eré náà ti ọdún 2014, owó wúrà 50 ló tó ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, èyí ni pé 5,000 yóò tó kílò 45. Ta ni yóò rù ú? Èló ni alárù yóò gbà, ta ni yóò sì ṣọ́ alárù?

Ọ̀rọ̀ tó tún kù ni ti àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí ìṣúra. Bí ẹnì kan bá hú ìṣúra ayé àtijọ́ nínú ilẹ̀ n'Ílọrin, àáfà á rán an létí pé òfin Ìsìláàmù ní kó yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún ìlú. Ẹ fi irú òfin bẹ́ẹ̀ sínú ayé eré yín. Kí ọba ní ìpín tirẹ̀, kí àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ náà yọjú pé ogún àwọn ni.

Àwọn ìṣúra kan sì wà tí kò yẹ kí ẹ kọ iye sí rárá. Ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, Ẹ̀sìẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta, torí wọn ni wọ́n sì ṣe kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dédé kó irú wọn jáde nílẹ̀ yìí. Bí akọni yín bá rí ère bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ohun tí dídá a padà yóò mú wá sílẹ̀: ọ̀nà tí yóò ṣí, ọ̀rẹ́ tí wọn yóò ní. Ẹ kọ ọ̀tá tí títà á yóò fà pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àmọ́ èyí tí mo mọ̀ rọrùn. Kí ìjòkòó yín tó ń bọ̀ tó dé, ẹ mú ìṣúra mẹ́ta péré. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ṣe é, ẹni tó fẹ́ ẹ àti ìlú tó wà, ọ̀nà tí wọn yóò gbà gbé e, àti ẹni tó lè ní tòun ni. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ tó kọ owó, kí ẹ sì kọ méjì: iye tí oníbàárà yóò kọ́kọ́ pè, àti ibi tí kò ní kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ná an. Kí oníbàárà pe kékeré, kí akọni gbé ọjà rẹ̀ bí ẹni ń lọ, kí oníbàárà pè é padà. Iye tí ẹ bá kà fún wọn láti inú ìwé, wọn á ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí wọ́n fi ẹnu ara wọn ná, wọn á máa fi yangàn.